Lẹ́yìn ìkọlù ọkàn: kí ni àwọn òǹkà inú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń sọ gan-an?

Ẹni tí ìkọlù ọkàn bá ṣe, tí orí bá yọ, kì í ti ilé ìwòsàn dé lọ́wọ́ òfo. Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ máa ń bá a délé, ojú ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin: orúkọ èròjà lápá òsì, òǹkà láàárín, ìwọ̀n tí wọ́n ń retí lápá ọ̀tún, lẹ́tà H lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó bá ga jù, L lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó bá lọ sílẹ̀ jù. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ á ya fọ́tò ìwé náà, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wọn ní London àti àbúrò wọn ní Houston, gbogbo ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í ka H. Bí H bá pọ̀, oorun ò ní kun ẹnikẹ́ni. Bí oṣù kan bá kọjá tí H dín kù, wọ́n á ní ọkàn bàbá ti yá.

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí òǹkà kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú ìwé yẹn yàtọ̀ síra. Àwọn kan jẹ́ ẹlẹ́rìí: wọ́n rí ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ń ròyìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò sí níbẹ̀. Àwọn kan sì jẹ́ ọ̀daràn: àwọn gan-an ló ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ láti ọdún pípẹ́, wọ́n á sì tún padà wá bí a bá fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó bá ọ̀daràn wí ti ṣe nǹkan. Ẹni tó kàn pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́, kò tíì yanjú ọ̀rọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ìdílé ń ná owó tí wọn ò ní lórí àwọn òǹkà tó jẹ́ ẹlẹ́rìí lásán, tí wọ́n sì ń dá oògùn tó ń mú ọ̀daràn dúró nítorí pé H ti kúrò lójú ìwé. Kì í sì í ṣe aráàlú nìkan ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn fúnra wọn lé irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. A ó dé ibẹ̀.

Kí ló tiẹ̀ ṣe ọkàn?

Ọkàn ń lù tó nǹkan bí ìgbà 100,000 lójoojúmọ́, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí i ká ló sì ń bọ́ ọ. Lára ògiri àwọn iṣan yìí ni ọ̀rá ti ń kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ìrora kankan. Lọ́jọ́ kan, ojú ibi tí ọ̀rá náà kó jọ sí á ya, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí bí ìgbà tó ń dí ojú ọgbẹ́, ọ̀nà á sì dí. Ẹran ọkàn tí iṣan yẹn ń bọ́ ò ní rí atẹ́gùn mọ́. Bí ọ̀nà bá dí pátápátá, láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ni ẹran náà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú, láti apá inú lọ sí apá òde. Bí wákàtí mẹ́fà bá fi máa pé tí ọ̀nà ò ṣí, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti lọ.

Ẹran tó bá kú kì í jí. Àpá ló máa ń rọ́pò rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan sì ni àpá náà fi ń le. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó kú, ẹran mìíràn wà tó kàn dákú. Eugene Braunwald àti Robert Kloner, àwọn dókítà ọkàn ní Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa ní 1982: ẹran náà wà láàyè, ẹ̀jẹ̀ ti padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ kò lè fún bó ṣe yẹ fún ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, nǹkan méjì ló wà nínú kí ọkàn yá: kí ẹran tó dákú jí padà, kí ìyókù ọkàn tó ń ru ẹrù èyí tó kú má sì máa fẹ̀ kó wá di èyí tó rọ jọwọrọ. Kò sí òǹkà kan ṣoṣo nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ méjèèjì.

Troponin, ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́

Troponin jẹ́ èròjà inú ẹran ọkàn. Bí ẹran náà bá ń kú, troponin á jò sínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó sábà máa ń ga jù láàárín wákàtí 12 sí 24, lẹ́yìn náà á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní troponin T lè wà lókè fún ọjọ́ 10 sí 14. Torí náà, bí ẹ bá rí H lẹ́gbẹ̀ẹ́ troponin lọ́jọ́ kẹfà, ẹ má ṣe pariwo pé ìkọlù mìíràn ti dé. Ẹran tó kú lọ́jọ́ kìíní ló ṣì ń jò. Bó ṣe ń lọ ni dókítà ń wò: ṣé ó ń gòkè ni àbí ó ń sọ̀? Bó bá ti ń sọ̀ bọ̀ tó wá ṣàdédé fò sókè, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ibi tó ga dé máa ń fún dókítà ní òye bí ẹran tó kú ṣe pọ̀ tó. Bó bá wá padà sílẹ̀ pátápátá, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: jíjò ti dúró. Kò mọ ohunkóhun nípa bóyá ọkàn ti ń fún dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan rèé fún àwọn tó ń lo àwọn fítámì fún irun àti èékánná. Biotin tó wà nínú wọn, bó bá pọ̀ lára, lè mú kí ẹ̀rọ àyẹ̀wò kan ka troponin sílẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní 2017. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń gba ẹ̀jẹ̀ yín.

Ṣúgà, níbi tí gbogbo ayé ti ṣìnà

Ẹ jẹ́ ká sọ pé bàbá ẹni ọdún 58 kan, tí kò ní àtọ̀gbẹ rí, dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú àyà tó ń fún un. Wọ́n gún un lórí ìka, ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 212 mg/dL. Ọmọ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e wá yóò béèrè pé, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé dáyábẹ́tíìsì ló tún wá bá bàbá wa báyìí?” Ìdáhùn tó tọ̀nà ni pé kò tíì sí ẹni tó mọ̀.

Bí ìkọlù ọkàn bá dé, ara á tú adrenaline àti cortisol jáde, àwọn èròjà tí ara ń lò nígbà ewu. Àwọn wọ̀nyí á pàṣẹ fún ẹ̀dọ̀ pé kó kó ṣúgà tó tọ́jú jáde. Wọ́n á dín agbára insulin, èròjà tó ń mú ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kù. Wọ́n á sì tún mú kí ọ̀rá ara yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Àbájáde rẹ̀ ni pé ṣúgà ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ rárá lè kọjá 140, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan kó sì padà sí ipò rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí ni wọ́n ti rí i pé àwọn tí ṣúgà wọn ga nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn kì í sábà ṣe dáadáa tó àwọn tí tiwọn ò ga, kódà bí wọn ò bá ní àtọ̀gbẹ.

Ó wá dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán: bí ṣúgà gíga bá ń bá ikú rìn, ká fà á wálẹ̀, ká yí ohun tí ọkàn ń jẹ padà, ọkàn á sì yá. Èrò yìí kò ní àléébù lójú. Ọkàn tó ní àlàáfíà máa ń jẹ ọ̀rá ju ṣúgà lọ, ọ̀rá sì ń gba atẹ́gùn púpọ̀ ju ṣúgà lọ kí ó tó di agbára. Nígbà tí atẹ́gùn bá wọ́n, ǹjẹ́ kò ní dára ká fún ọkàn ní ṣúgà dípò ọ̀rá? Ní 1962, dókítà Demetrio Sodi-Pallares ní Mẹ́síkò bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi tó ní ṣúgà, insulin àti potassium (ọ̀kan lára àwọn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀) sára àwọn aláìsàn tí ìkọlù ọkàn ṣe. Ní 1968, Michael Oliver àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Edinburgh kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet pé àwọn tí ọ̀rá yíyọ́ pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́yìn ìkọlù ni ọkàn wọn ń lù ségesège jù, tí wọ́n sì ń kú jù. Insulin máa ń dín ọ̀rá yẹn kù. Gbogbo rẹ̀ bára mu. Àwọn ìwádìí kéékèèké tẹ̀ lé e, àwọn kan nínú wọn sì fúnni ní ìrètí.

Nígbà tó di 2005, àbájáde ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní CREATE-ECLA jáde. Aláìsàn 20,201 ni wọ́n lò. Wọ́n fa omi yẹn sára ìdajì wọn, wọ́n sì tọ́jú ìdajì yòókù bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn 30 ọjọ́, 10.0% kú nínú àwọn tó gba omi náà, 9.7% kú nínú àwọn tí kò gbà á. Kò sí èrè kankan. Ọdún 43 ti lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé bóyá nítorí pé omi ni, ẹ gbọ́ ti Groningen, ní Netherlands. Ìwádìí náà ń jẹ́ GIPS-III, èsì rẹ̀ jáde ní 2014. Aláìsàn 380 tí ìkọlù ọkàn ńlá ṣe, tí wọn ò ní àtọ̀gbẹ, ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan ń lo metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, 500 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fún oṣù mẹ́rin. Apá kejì ń lo hóró tó jọ ọ́ tí kò ní oògùn kankan nínú. Metformin ti mú kí ọkàn àwọn ẹranko tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò ṣe dáadáa, ìdí tí wọ́n fi dán an wò nìyẹn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, wọ́n fi ẹ̀rọ MRI wo bí ọkàn ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde tó. Àwọn tó lo metformin: 53.1%. Àwọn tí kò lò ó: 54.8%. Metformin ò ran ọkàn wọn lọ́wọ́.

Mo dúró pẹ́ níbí nítorí pé ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Òǹkà kan lè máa bá ikú rìn láìjẹ́ pé òun ló ń pani. Nínú ọ̀pọ̀ aláìsàn, ṣúgà tó ga lọ́jọ́ ìkọlù ń ròyìn bí ìkọlù náà ṣe le tó: bí ẹran tó ń kú bá ṣe pọ̀ tó ni ara ṣe ń dààmú tó, bó sì ṣe ń dààmú tó ni ẹ̀dọ̀ ṣe ń tú ṣúgà jáde. Fífi agídí fà á wálẹ̀ tiẹ̀ lè léwu. Ìwádìí NICE-SUGAR ti 2009, tí wọ́n ṣe fún àwọn aláìsàn tó lé ní 6,000 ní wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe (kì í ṣe aláìsàn ọkàn nìkan), fi hàn pé àwọn tí wọ́n fà ṣúgà wọn wálẹ̀ sáàárín 81 sí 108 kú ju àwọn tí wọ́n kàn rí i pé tiwọn ò kọjá 180 lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kì í fi í dààmú lórí 160. Bí ẹ bá rí i pé wọn ò fún bàbá yín ní insulin nítorí 160, ẹ má rò pé wọ́n pa á tì.

Kò wá túmọ̀ sí pé kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ju oògùn rẹ̀ nù o. Metformin wà fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, iṣẹ́ ló sì ń ṣe. Ṣúgà tó ga fún ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́wàá, kì í ṣe ẹlẹ́rìí mọ́. Ó ń ba ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń ba ojú jẹ́. Ohun tí a ní láti mọ̀ ni pé ṣúgà ọjọ́ yẹn nìkan kọ́ ni yóò sọ fún wa bóyá ó ti pẹ́ níbẹ̀.

Àyẹ̀wò tó ń sọ ìyẹn ni HbA1c. Ṣúgà máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa, ẹ̀jẹ̀ pupa sì ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ láyé, torí náà HbA1c ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Ìkọlù àná ò lè yí i padà. 6.5% sókè ni àtọ̀gbẹ, láàárín 5.7 sí 6.4 ni ẹni tó wà lójú ọ̀nà ibẹ̀. Bí HbA1c bàbá tí ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 212 yẹn bá jẹ́ 5.4, ara tó dààmú ló fa ṣúgà náà. Bó bá jẹ́ 8.1, àtọ̀gbẹ ti wà níbẹ̀ láìmọ̀, ó sì ṣeé ṣe kó wà lára ohun tó fa ìkọlù.

Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, ó ní ibi tí HbA1c fi ń tannijẹ, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé wọn kì í sábà sọ ọ́ fún aláìsàn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló ní ẹ̀jẹ̀ AS. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2017, fi hàn pé bí ṣúgà ẹni AS àti ẹni AA bá tilẹ̀ jẹ́ iye kan náà, HbA1c ti ẹni AS máa ń fi nǹkan bí 0.3 kéré sí ti ẹlòmíràn. 0.3 dà bí ohun kékeré, àmọ́ ó tó láti mú 6.5 di 6.2, kí wọ́n ní kò tíì sí nǹkan. Ti ẹni SS tún le ju ìyẹn lọ: ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ kì í pẹ́ láyé, HbA1c rẹ̀ ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé rárá. Ẹ sọ jẹ́nótáìpù yín fún dókítà. Bí iyèméjì bá wà, wọ́n lè ṣe àyẹ̀wò fructosamine, tí kò gbára lé ẹ̀jẹ̀ pupa, tàbí kí wọ́n yẹ ṣúgà wò láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun, lọ́jọ́ tó ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ sì wo ìgò tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sí. Ìgò ṣúgà máa ń ní ìdérí aláwọ̀ eérú, nítorí èròjà wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pupa máa jẹ ṣúgà náà lọ. Bí wọ́n bá fi sínú ìgò lásán, tí ẹni tó ń gbé e wá há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ fún wákàtí mẹ́ta kí ó tó dé láàbù, ṣúgà tó ga lè ti wálẹ̀ kí wọ́n tó kà á.

LDL, ọ̀daràn tí a mọ̀ dájú

Nínú gbogbo òǹkà tó wà nínú ìwé yẹn, LDL ni mo fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀ ní orúkọ. Òun ni kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó ń wọ inú ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, tó ń di ọ̀rá tó ya lọ́jọ́ ìkọlù. Wọn ò lé e láìnídìí bí wọ́n ṣe lé ṣúgà. Ìwádìí 4S tí èsì rẹ̀ jáde ní 1994 lo aláìsàn 4,444 tó ní àrùn iṣan ọkàn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ti ní ìkọlù rí, ní àwọn orílẹ̀-èdè márùn-ún lápá àríwá Yúróòpù. Láàárín ọdún márùn-ún àti díẹ̀, 256 kú nínú àwọn tí kò lo simvastatin (ọ̀kan lára àwọn oògùn statin tó ń mú LDL wálẹ̀), 182 nínú àwọn tó lò ó. Wọ́n fa òǹkà wálẹ̀, ikú náà sì dín kù. Báyìí la ṣe ń mọ ọ̀daràn.

Ìlànà àwọn dókítà ọkàn ní Yúróòpù láti 2019 ni pé kí LDL ẹni tí ìkọlù ti ṣe wà ní ìsàlẹ̀ 1.4 mmol/L, èyí tó jẹ́ 55 mg/dL, kó sì ti dín ní ìdajì ó kéré tán sí iye tó wà kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kíyè sí òǹkà méjèèjì yẹn, nítorí ó ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìdílé. Láàbù kan ní Ìbàdàn lè kọ 130, ẹ̀gbọ́n tó wà ní London á rò pé òpin ayé ti dé, nítorí ohun tí òun mọ̀ ni 3 àti 4. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: 130 mg/dL jẹ́ 3.4 mmol/L. Fún kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ẹ fi 38.7 pín mg/dL. Fún ṣúgà, ẹ fi 18 pín in. HbA1c náà ní tirẹ̀: 48 tí wọ́n ń kọ ní Britain ni 6.5% tí àwa ń kọ. Kí ẹ tó bú ẹnikẹ́ni, ẹ wo lẹ́tà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹkà.

LDL máa ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì tí ìkọlù bá ṣeni, nítorí àìsàn. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún un lọ́jọ́ kìíní. Èyí tí wọ́n gbà lọ́jọ́ karùn-ún lè mú kó dà bí ẹni pé LDL dára ju bó ṣe rí lọ. Lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn tí oògùn statin ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún un yẹ̀ wò. Bí kò bá tíì dé ìsàlẹ̀, wọ́n á fi ezetimibe, oògùn mìíràn tó ń dín LDL kù, kún un.

Ó kù síbi tó ń bà mí nínú jẹ́. LDL bá dé 50, H kúrò, ẹnì kan á ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù bàbá ti wálẹ̀, kí ló tún ń lo oògùn fún? Wọ́n á dá a dúró. Oògùn ló mú un wálẹ̀ o! Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá dá a dúró, yóò padà síbi tó wà. Òǹkà tó dára nígbà tí oògùn wà lára kì í ṣe ìdí láti fi oògùn sílẹ̀, òun ni ẹ̀rí pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Bí ẹran ara bá ń ro bàbá, ẹ padà lọ bá dókítà, ó lè dín iye rẹ̀ kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹ má ṣe fi àgbo rọ́pò rẹ̀.

Lp(a) wà pẹ̀lú, irú ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kan tí a ń jogún lọ́dọ̀ òbí. Ti àwa aláwọ̀ dúdú sábà máa ń ga ju ti àwọn òyìnbó lọ. Oúnjẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí i padà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ló sì tó kí èèyàn yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ga púpọ̀, ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n yẹ tiwọn wò.

Àwọn yòókù

NT-proBNP ni òǹkà tó sún mọ́ ohun tí gbogbo ilé ń béèrè jù. Bí ògiri ọkàn bá ń nà nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ń kún jù sínú rẹ̀, ọkàn fúnra rẹ̀ ló ń tú u jáde. Bó bá ń sọ̀ láti oṣù dé oṣù, ẹrù ọkàn ń fúyẹ́. Bó bá ń gòkè tí ẹsẹ̀ sì ń wú, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn. Kíndìnrín tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa máa ń gbé e sókè, ara sísanra máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, torí náà ẹ fi wé ti ẹni kan náà tẹ́lẹ̀, ẹ má fi wé ti aládùúgbò. Ẹni tó bá ń lo oògùn sacubitril pẹ̀lú valsartan, tí wọ́n ń fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò lágbára, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé oògùn náà lè mú BNP, àyẹ̀wò tó jọ ọ́, ga láìsí ewu; NT-proBNP ni kí ó béèrè fún, nítorí oògùn yẹn ò dà á rú lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Creatinine, tó ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, àti potassium kò sọ nǹkan kan nípa ọkàn, síbẹ̀ àwọn ló lè pani kíákíá. Àwọn oògùn ọkàn bíi lisinopril, ramipril àti spironolactone máa ń mú kí potassium kó jọ sára. 3.5 sí 5.0 ni a ń retí. Bó bá kọjá 5.5, dókítà á dín oògùn kù tàbí kó dá a dúró, nítorí potassium tó ga jù lè dá ọkàn dúró. Iyọ̀ tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n fi potassium rọ́pò sodium, lè gbé e sókè. Bí òǹkà náà bá ga lójijì tí ara sì le, kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ gbà: ẹ̀jẹ̀ tó pẹ́ lọ́nà tàbí tí wọ́n fi agbára fà máa ń tú potassium sínú ìgò.

CRP, tó ń sọ bóyá ara ń gbóná nínú, máa ń ga gan-an ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta lẹ́yìn ìkọlù. Ó wà lára ọ̀rọ̀ ọkàn lóòótọ́: ìwádìí CANTOS ti 2017, tó lo aláìsàn tó lé ní 10,000, fi hàn pé bí a bá dín ìgbóná inú yẹn kù nìkan, láìfọwọ́ kan kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ìkọlù mìíràn á dín kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ibà, eyín tó ń kẹ̀ àti ọgbẹ́ ẹsẹ̀ náà ń gbé CRP sókè. Ní ilẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, CRP tó ga lóṣù kẹta lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ibà lásán.

Àwọn ilé ìwádìí ńlá ti ń fi ẹ̀rọ ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún èròjà inú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, oríṣiríṣi ọ̀rá, àwọn èròjà kéékèèké inú purotéènì, àti àwọn tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe nígbà tí ebi bá ń pani, láti mọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ máa yá àti ẹni tí tirẹ̀ ò ní yá. Iṣẹ́ tó dára ni, mo sì nírètí nínú rẹ̀. Àmọ́ inú ilé ìwádìí ló ṣì wà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ta àyẹ̀wò 60 òǹkà fún ẹni tí ìkọlù ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, mo rọ̀ yín, ẹ mú owó yẹn ra statin oṣù mẹ́ta, ẹ fi ìyókù ṣe echo.

Nítorí echo ló máa sọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ò lè sọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé lé àyà ni, kò ní abẹ́rẹ́, ó ń fi hàn bí ọkàn ṣe ń fún. Òǹkà tí ẹ máa gbọ́ níbẹ̀ ni EF, ìyẹn ìdá tí ọkàn ń tì jáde nínú ẹ̀jẹ̀ tó kún inú rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá fún. Kò sí ọkàn tó ń ti gbogbo rẹ̀ jáde. 50% sókè ti dára, torí náà ẹ má ṣe rò pé 55% túmọ̀ sí ìdajì ọkàn. Èyí tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ kejì lè jẹ́ 35%, kó sì jẹ́ pé ẹran tó dákú ló fà á. Ní 2004, ìwádìí DINAMIT fi hàn pé kíkánjú fi ẹ̀rọ tó ń gba ọkàn là sí àyà láàárín ọjọ́ 6 sí 40 lẹ́yìn ìkọlù kò dín ikú kù. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń dúró, kí wọ́n kọ́kọ́ fi oògùn tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kí ó kọjá 40 ọjọ́, tàbí kó tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta bí wọ́n bá ṣí iṣan fún un, kí wọ́n tó tún echo ṣe. Kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí bàbá máa lọ sílé, ẹ béèrè ọjọ́ tí echo kejì máa jẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.